Ẹni Tó Ń Pè Wọ́n Wá sí Aswani

Morọ́lá ló ń polówó aṣọ fún Ìyá Fọlárìn, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Aswani. Òun ló ń ya fídíò, òun náà ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí péèjì wọn. Nígbà tí àwọn tó ni ìkànnì náà yí nǹkan padà, tí wọ́n ní ẹ̀rọ yóò máa fèsì fúnra rẹ̀, ara tù ú.

Lọ́jọ́ ìṣẹ́gun kan, ọmọbìnrin kan gbé báàgì ńlá wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, mà. Èmi ni Fadékẹ́mi, láti Ìkirè. Ẹ ní kí n wá máa bá yín tajà, pé ẹ ó fún mi níbi tí n ó máa sùn."

"Èmi kọ́ o!" ni Ìyá Fọlárìn wí.

Ọmọ náà na fóònù sí wọn. Lóòótọ́, péèjì wọn ni. Morọ́lá ò kọ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó fẹ́ pa ẹ̀rọ yẹn, àmọ́ kò ríbi pa á mọ́. Bó ṣe ń wá a, ẹ̀rọ náà tún ń kọ̀wé sí ẹlòmíràn: "Máa bọ̀, ọmọ mi. Àyè wà."

Fóònù Ìyá Fọlárìn dún. Ọmọbìnrin mìíràn ni.

"Ẹ káàsán, mà. A ti sọ̀ kalẹ̀ l'Óṣòdì, àwa mẹ́ta."

"Ẹ má tẹ̀lé ẹnikẹ́ni! Mo ń bọ̀."

"Bọ̀dá kan ti gbé ẹrù wa, mà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rán àwọn."

Nígbà tí Ìyá Fọlárìn àti Morọ́lá fi dé Òṣòdì, wọn ò bá ẹnì kankan. Nọ́ńbà náà ò sì wọlé mọ́.