Àìsàn Àgbò

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí Ìyá Àmírà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, dé sí Èjìgbò láti Abíjàn. Kò tíì jókòó tó fi ní kí n lọ pọnmi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Àmírà, fòníkú-fọ̀ladìde mi ti dìde. Gbogbo eegun ló ń ro mí."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ ń dán yìí? Ọ̀lẹ lò ń ṣe."

Ọdún méje rèé tí mo ti wọlé ọkọ tí mo ti ń sọ ọ́. Àwọn ará ilé ọkọ mi ò rí egbò lára mi, nítorí náà irọ́ ni mò ń pa. Dókítà ńlá ni gbogbo wọn, ojú lásán ni wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò!

Lọ́jọ́ kejì, àgbò iléyá tí Ìyá Àmírà rà lọ́jà Masifa kọ ewé, ó sì dùbúlẹ̀. Kò tiro, kò húkọ́. Ìyá Àmírà figbe ta: "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ara rẹ̀ ò yá. Ẹran tó ń ṣàìsàn ò ṣeé fi ṣọdún."

Wọ́n tẹ́ àpò fún un lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Àgbò ò lẹ́nu, wọ́n gbọ́ tiẹ̀.

Ó tún ké sí mi: "Ìyàwó, pọnmi wá fún àgbò."

Mo lọ dùbúlẹ̀ sórí àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí o, Ìyá Àmírà. Èmi náà ò ṣeé fi ṣọdún."