Yàrá Tí Kì Í Dá Ẹnu Lóhùn

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Ajégúnlẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi. Níbi tí mo ti ń dín ẹja fún àwọn dírẹ́bà tírélà ní Liverpool Road, àwọn kan ń wá nítorí ẹja, àwọn yòókù ń wá kí n lè bú wọn. Tí mo bá wá sọ pé mo lo oṣù kan àtààbọ̀ lọ́dọ̀ ọmọ ọmọ mi láì pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ óò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀.

Ọdún 1999 ni. Zulfah, ọmọ mi obìnrin, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Kambódíà. Ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta ni mo wọ̀ kí n tó débẹ̀, ìdí mi sì ti kú kí ìkejì tó balẹ̀. Ó bímọ ọkùnrin, mo wá bá a tọ́jú ọmọ. Ó sọ ọmọ náà ní Usamah, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú. Mo ń wẹ ọmọ, mo ń pọ̀n ọ́n, ó ń tọ̀ sí mi lára, àmọ́ "Bàbá kékeré" ni mo ń pè é, tàbí "Alága ọmú." Mo ń rí i lójú Zulfah pé ó ń dùn ún.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n padà sí Èkó, ó ní, "Màmá, ẹ ò lè délẹ̀ yìí kí ẹ má rí àwọn ilé òkúta wọn." Ó wá ọkùnrin kan tó máa ń mú àlejò káàkiri Angkor, níbi tí àwọn ilé òkúta náà wà, Sophal lorúkọ rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Nínú ọkọ̀, Sophal sọ fún Zulfah pé wọ́n pa bàbá òun àti àwọn àbúrò òun mẹ́ta nígbà ogun wọn, òun ò sì mọ ibi tí wọ́n sin ẹnì kankan sí. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò lè rọ̀.

Ibi tí a kọ́kọ́ dé, ojú èèyàn ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta lókè lókè, ojú kan tóbi ju yàrá mi ní Boundary lọ. Wọ́n dijú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ní, "Oga Sophal, na so my husband dey do face when I dey quarrel!"

Sophal rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, kí n tó tún ojú náà wò. Kazeem ọkọ mi nìkan ló rí ojú ọmọ wa tó kú gbẹ̀yìn. Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni tó ń sùn, tó ń lá àlá tó dùn.

Láti ibẹ̀ a lọ sí ilé òkúta mìíràn tí wọ́n ń pè ní Ta Prohm. Igi ti jókòó lé ilé náà lórí, gbòǹgbò wọn di ògiri mú bí ẹsẹ̀ àwòdì ṣe ń di òròmọdìẹ mú. Sophal ní ọba kan ló kọ́ ọ fún ìyá rẹ̀.

Mo ní, "Zulfah, o gbọ́? Ilé ìwẹ̀ mi ò tíì ní ilẹ̀kùn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Sophal wá ní yàrá kan wà níwájú. Tí o bá pariwo nínú rẹ̀, kò ní dáhùn. Tí o bá pàtẹ́wọ́, kò ní dáhùn. Àfi kí o fẹ̀yìn ti ògiri, kí o fi ìkúùkù lu àyà ara rẹ. Nígbà náà ni gbogbo yàrá yóò dún.

Mo ní, "Yàrá tí kì í dá ẹnu lóhùn! Kí lèmi fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Ẹnu ọ̀nà yàrá náà kúrú. Òkúta ńlá kan ti yẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n fi igi tì í. Zulfah pọn ọmọ, ó tẹ orí ba, ó wọlé. Ẹsẹ̀ mi dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní 1986, ọmọọṣẹ́ dírẹ́bà tírélà ni Usamah mi, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Tírélà tò fún ọjọ́ mẹ́fà lẹ́nu ọ̀nà èbúté Tin Can. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wálé kí ó lè sùn sórí ibùsùn. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja ẹlẹgbẹ́ mi wà nílé, mo sì fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Usamah, òórùn dísẹ́ẹ̀lì yìí ti pọ̀ jù! Jáde! Padà lọ sùn lábẹ́ tírélà ẹ, òun nìyàwó ẹ!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ tó wà níwájú sún, dírẹ́bà tirẹ̀ náà ṣáná, ó sún. Kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lábẹ́ ọkọ̀.

Òbí kì í dé ibi sàréè ọmọ, nítorí náà n ò mọ ibi tó wà. Láti ìgbà náà, n kì í wọ abẹ́ ohunkóhun. N kì í gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí mọ́tò bá ń gba abẹ́ bíríìjì Ìjọra, màá dijú. N ò sì sọ ohun tí mo sọ fún ọmọ náà fún ẹnikẹ́ni rí.

Mo dúró níta, mo ké, "Zulfah! Gbé ọmọ yẹn jáde lábẹ́ òkúta!"

Kò sí ìdáhùn. Mo ké lẹ́ẹ̀kejì. Ohùn tí wọ́n ń gbọ́ láti Liverpool Road dé Wharf Road, yàrá náà gbé e mì bí ẹni gbé òkèlè mì.

Mo bá dijú, mo tẹ orí ba, mo wọlé. Ìdí mi há.

"Push am, Oga Sophal! No be egg!"

Sophal tì mí tìtìjú-tìtìjú, mo já sínú òkùnkùn bí àpò gàrí. Zulfah dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

"Mò ń pè yín, ẹ ò dáhùn!"

"Màmá, a ò gbọ́ nǹkan kan."

Mo fẹ̀yìn ti ògiri. Ó tutù. Mo lu àyà mi lẹ́ẹ̀kan. Gbìì! Láti ìsàlẹ̀ ni ó ti dún, bí tírélà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kejì, mo lù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Kí n tó mọ̀, mo ti ń sọ ọ́ fún Zulfah, gbogbo rẹ̀, títí dé orí "òun nìyàwó ẹ."

Ó ní, "Màmá, mo wà ńlé lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ká ẹní tó gbé lọ sábẹ́ tírélà fún un. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín."

Ọdún mẹ́tàlá! Àwa méjèèjì, ẹ̀bi kan náà, a ò sọ ọ́ fún ara wa.

Ó tún ní, "Ẹ̀yin lẹ lé e jáde, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pè é wọlé. Torí ẹ̀ ni mo fi sọ ọmọ lórúkọ ẹ̀."

Ètè mi wúwo. Mo fọwọ́ kan orí ọmọ náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mo ní, "Usamah. Usamah, wọlé."

Yàrá náà ò dáhùn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà nà, ó fún ara rẹ̀, ó yín isó kan tó ju ti bàbá ìyá rẹ̀ lọ. A rẹ́rìn-ín, a sunkún, n ò lè sọ èyí tó ṣáájú.

Nígbà tí a jáde, a jókòó sórí gbòǹgbò igi kan tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà náà. A ò tíì jókòó dáadáa tí a fi gbọ́ ọ nínú yàrá. Gbìì. Gbìì. Gbìì.

Zulfah rọra ní, "Sophal ni. Àwọn èèyàn ẹ̀ ló ń rántí. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

A fi í sílẹ̀. Kò pẹ́, Sophal yọ lẹ́yìn wa láti ọ̀nà ìta, kì í ṣe láti inú yàrá, ó ń làágùn, ó gbé àgbọn tútù mẹ́ta dání.

Zulfah wò mí. Mo gba àgbọn tèmi. Mo tún ẹnu ọ̀nà náà wò, mo sì sún ìdí mi ńlá yìí díẹ̀ lórí gbòǹgbò náà, kí àyè lè wà fún ẹni tí mo pè wọlé.