Ẹ̀ẹ̀marùn-ún Ni Kóòṣì Wí

Tèmiolúwa, ọmọ mi, ẹnu rẹ̀ mú jù. Ó pè mí láti Ìbàdàn: "Dádì, tí ẹ ò bá lè gbé Mọ́mì bọ́ sórí àga, mò ń bọ̀ wá mú wọn lópin oṣù tó ń bọ̀." Èmi Akínọlá, tí mo fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi ru ẹrù ní èbúté Onne! Kí wọ́n wá gba Bọ́sẹ̀dé ìyàwó mi lọ́wọ́ mi nítorí pé ó wúwo? Ká má rí i.

Àmọ́ òótọ́ ni pé a ti jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá òsì, èmi ni mò ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn mi kọ̀, ẹ̀rù sì bà á, ó bú sẹ́kún. Ọjọ́ kejì ni mo gba jíìmù lọ, ibi tí kóòṣì kan, Dagogo, ti ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń gbé irin, ní àdúgbò wa, Elelenwo, láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí.

Dagogo bi mí ohun tí mò ń wá. Mo ní agbára ni, ìyàwó mi ni mo fẹ́ gbé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa gbé irin tó wúwo láti ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí n sọ ọ́ kalẹ̀, kí n sinmi dáadáa. Ó ní àwọn tó fẹ́ kí ẹran ara wọn wú ló ń gbé e lẹ́ẹ̀méjìlá. Tó bá ti rẹ àgbà, ẹ̀yìn á tẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n máa fa irin kékeré wá síbi ikùn, kí òkè ẹ̀yìn lè le. "Papa, na five o. No jara!" Kò gbọdọ̀ sí èènì kankan.

Tí mo bá délé, màá jókòó ti Bọ́sẹ̀dé, màá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Á máa rẹ́rìn-ín: "Bàbá Tèmi, ẹ ti di kóòṣì."

Agùnbánirọ̀ kan, Ẹkúndayọ̀, ló bà á jẹ́. Ó ti béèrè ìlú mi àti oríkì mi. Bí mo ṣe gbé irin dé ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ló bá figbe ta: "Àkànní! Ọmọ Ọwá, ọmọ ẹkùn!" Ẹ gbọ́, ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí yóò sọ irin kalẹ̀? Orí mi wú. Dagogo ń pariwo pé ó ti tó, "Papa, e don do!" Pidgin ò yé mi mọ́. Mo gbé e, mo tún gbé e, àfi gbà! Ìbàdí mi gan.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gbé mi wálé. Chioma, aládùúgbò wa, ló ń bá wa dáná. Èmi àti Bọ́sẹ̀dé nà sílẹ̀ bí iṣu méjì, mo sì sunkún. Mo ní, "Wọ́n máa mú ẹ lọ." Ó fi ọwọ́ tó dáa pa róòbù sí mi ní ìbàdí. "Ẹ sùn," ló wí.

Nígbà tí ara mi yá, Dagogo ní kí n fi irin fúyẹ́fúyẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Oṣù tó dá parí, Tèmiolúwa dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Ó yá, Dádì."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo na ẹ̀yìn, mo gbá Bọ́sẹ̀dé mọ́ra, mo fẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Háà! Ó fúyẹ́. Mo wo ilẹ̀: ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ gbọn-in gbọn-in, òun náà ń dìde.

Chioma bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn Tèmiolúwa. "Papa, as you dey go gym, na so Mama dey do im own. Five, rest. Five, rest."

Àṣé bí mo bá ti lọ sí jíìmù, ìyàwó mi náà á máa fi ẹsẹ̀ tó dáa dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún, á sinmi, á tún ṣe é. Bọ́sẹ̀dé gbé ẹnu sí mi létí.

"Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò fẹ́ kí n lọ ni?"