Ẹ̀wà Inú Eérú

Ìyàwó mi fi ìgò kan sílẹ̀ lórí pẹpẹ ilé ìdáná kó tó kú. Eérú ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀wà sì wà nínú eérú. Ẹ̀wà dúdú, olójú funfun. Ìyá ìyá rẹ̀ ló fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló fún un. N kò rí irú rẹ̀ lọ́jà rí.

Ọdún mẹ́fà ni n kò fọwọ́ kan ìgò náà. Nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún yìí, mo da eérú sínú àwo. Kòkòrò ti jẹ púpọ̀. Ẹyọ mọ́kànlá ló kù. Bí ìwọ̀nyí ò bá hù, ó parí nìyẹn.

Káfíńtà ni mí. Mo fi pẹ́ńsù ya ọgbà ẹ̀yìnkùlé mi sórí pákó: àgbàdo, ẹ̀wà nídìí rẹ̀, elégédé láàárín. Bí ìyàwó mi ṣe ń gbìn nìyẹn. Ó máa ń sọ pé àgbàdo ni òpó, ẹ̀wà ni àlejò tó ń gun òpó, elégédé ni ẹní tó bo ilẹ̀.

Aládùúgbò mi, télọ̀, yọjú lórí ògiri.

"Káfíńtà, ṣé àga lẹ fẹ́ gbìn ni?"

"Ẹ máa rán aṣọ yín."

"Mò ń bọ̀ wá wọn ẹ̀wà yẹn fún ṣòkòtò."

Mo kọ́kọ́ gbin àgbàdo. Nígbà tó dé orúnkún mi, mo gbin ẹ̀wà márùn-ún. Mo gbẹ́ ihò wọn jìn bí ẹni fẹ́ ri òpó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ohun tí ìdí rẹ̀ kò bá jìn kì í dúró.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ilẹ̀ dákẹ́.

Ọmọbìnrin mi wá kí mi. Ó fi ìka tú ilẹ̀ wò. Gbogbo wọn ti jẹrà.

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ sin wọ́n?"

Mo gbé irin tí mo fi gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Màmá kì í fi irin gbẹ́ ẹ. Ìka ni. Oríkèé àkọ́kọ́, ó tán."

"Ìka mi ńkọ́?"

"Ìka yín ti tóbi jù. Ìwọ̀n ìka Màmá ni."

Ó na ìka rẹ̀. Mo wò ó. Ìka ìyá rẹ̀ ni, títí dé èékánná.

"Gbìn ín," ni mo wí.

Ó gbin mẹ́fà tó kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, ilẹ̀ là nídìí àgbàdo kan. Ohun kan tẹ orí ba bí ọmọ tó ń kí àgbà. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti gbé orí sókè, ó dé èèpo dúdú náà bíi fìlà. Mo gbé àpótí wá, mo jókòó tì í. Télọ̀ yọjú. Ó ṣí fìlà tirẹ̀.

Ọ̀kan yẹn nìkan ló hù.

Mo fẹ́ fi okùn so ó mọ́ àgbàdo. Kí n tó rí okùn, ó ti wá òpó rẹ̀ kàn fúnra rẹ̀. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i po, ọ̀nà kan náà, kò ṣì í. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń so igi mọ́ igi. N kò rí ìṣó kankan níbẹ̀.

Nígbà tó gbó tó gbẹ, mo bó èèpo rẹ̀. Dúdú, olójú funfun. Mo dáná sun igi fún eérú tuntun, mo dà wọ́n sí i, mo dé ìgò.

Ọmọ mi pè lórí fóònù.

"Bàbá, mélòó lẹ rí?"

"Ó tó."

"Ó tó kí ni?"

"Tọ́jú ìka rẹ."