Ìgbà Tí Mo Wọ Jákẹ́ẹ̀tì fún Victory Lójú Ọ̀nà Padova

Ẹni tó bá rí mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn ní Collegno, ìlú tí ọmọ mi ń gbé ní Ítálì, á rò pé ẹrù ni wọ́n dì sẹ́yìn ọkọ̀. Ṣòkòtò mẹ́ta ni mo wọ̀ sábẹ́ ìró. Súwẹ́tà méjì wà lọ́rùn mi, kóòtù ọkọ ọmọ mi gun orí wọn, mo sì fi gèlè wé orí fìlà onírun. Ìdí mi tí Ọlọ́run ti dá ní ńlá tẹ́lẹ̀ wá di ìdí erin. Nígbà tí mo jókòó, ọkọ̀ náà tẹ̀ sápá kan. Olújùwọ́n, ọkọ ọmọ mi, ṣe bí ẹni tí kò rí i, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni.

Oṣù kìíní ọdún 2014 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ítálì, òtútù ibẹ̀ kò sì tíì dárí jì mí. Padova là ń lọ, níbi tí Adùnọlá, àbúrò Olújùwọ́n, ti bímọ. Ọjọ́ kejì ni wọn yóò sọ ọmọ náà lórúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Olújùwọ́n ló ń wakọ̀. Rónkẹ́ ọmọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ òru ló ti dé, láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ata. Èmi àti Victory, ọmọ-ọmọ mi, la wà lẹ́yìn. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ ni. Ọkọ mi ni mo máa ń pè é.

Kí a tó kúrò nílé ni ọ̀rọ̀ ti dé. Victory ní jákẹ́ẹ̀tì kan tó wú bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, èmi fúnra mi ni mo yàn án ní ọjà Porta Palazzo. Rónkẹ́ kàn bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà lọ́rùn ọmọ nínú òtútù tó ń mú kí èémí wa rú bí èéfín. Ó gbé e sínú seggiolino, àga tí wọ́n fi ń so ọmọ mọ́ inú ọkọ̀, ó fi bẹ́líìtì dè é típẹ́típẹ́ lórí súwẹ́tà, lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kúbùsù bò ó. Mo bi í pé ṣé ó bí ọmọ yìí ni àbí ó rí i he. Ó ní jákẹ́ẹ̀tì kì í gbé abẹ́ bẹ́líìtì, pé dókítà ọmọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé dókítà náà mọ òtútù àyà jù mí lọ ni. Rónkẹ́ fúnra rẹ̀ ni mo gbé lọ sí ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó wà lọ́mọ oṣù mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, tí mò ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń dún. Ẹni tó bá ti gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ rí, ẹ má sọ fún un pé kó bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọ.

Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí á máa lọ. Mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ mi dà bí ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná: ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń hó.

A kọjá Milano. Victory ń fẹsẹ̀ ta kúbùsù dànù, mò ń dá a padà, ó ń ta á. Nígbà tí a fi máa dé ẹ̀bá Brescia, a yà síbi tí wọ́n ti ń ra epo àti kọfí. Èmi ni mo kọ́kọ́ sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí n tó bọ́ ṣòkòtò àkọ́kọ́ tán, kí n wá ẹnu èkejì, kí n bá ẹ̀kẹta jà, odò ti fẹ́ ya bèbè. Mo bú àwọn ṣòkòtò náà títí, mo dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, Rónkẹ́ lọ tirẹ̀, Olújùwọ́n lọ ra kọfí, wọ́n ní kí n máa wo ọmọ.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí mo ṣí wọlé, ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè tì í nítorí ìdí ńlá mi yìí. Afẹ́fẹ́ tutù wọ inú ọkọ̀. Mo fọwọ́ kan ọwọ́ Victory, ó tutù bí ẹja inú firíìjì. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, bí olè. Mo tú bẹ́líìtì, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì fún ọkọ mi, mo fà á dé ọrùn. Bẹ́líìtì wá kọ̀, kò fẹ́ pàdé mọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ojú àgbà kì í sùn, mo ti rí Rónkẹ́ tó máa ń tẹ nǹkan kan níwájú àga náà, tí bẹ́líìtì á gùn sí i. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fà á, ó gùn, ó pàdé, ó dún kà. Mo fi kúbùsù bo iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́lẹ̀. Victory na apá méjèèjì gbọọrọ bí aṣọ tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ẹyẹ lóko. Inú mi sì dùn bí ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ ikú.

A gba ọ̀nà. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí kùrukùru bo gbogbo autostrada, òpópónà ńlá wọn, títí tó fi jẹ́ pé iná ẹ̀yìn ọkọ̀ iwájú nìkan là ń rí. Tírélà kan ṣàdédé ya sí iwájú wa. Olújùwọ́n tẹ búréèkì mọ́lẹ̀.

Gbogbo wa lọ síwájú. Bẹ́líìtì tèmi gé ikùn mi sí méjì. Ṣùgbọ́n tọmọ náà yọ̀ bọ́ ní èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara rẹ̀ sì fò síwájú, orí rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn àga bàbá rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo na apá. Inú ẹran apá mi ni iwájú orí rẹ̀ bá. Apá tí mo ti ń kẹ́gàn láti bí ogún ọdún, ọjọ́ náà ni mo mọ ìdí tí Ọlọ́run fi sanra sí i.

Ọkọ̀ dúró. Ìdí tírélà náà wà níwájú wa, béèyàn bá nawọ́, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ẹnikẹ́ni kò kọlù wá lẹ́yìn. Tírélà lọ, àwa náà ń rọra tẹ̀ lé e. Victory gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ancora, nonna.” Ó fẹ́ kí ìyá àgbà tún un ṣe. Mo fi ọwọ́ di àyà rẹ̀ mú títí a fi rí ilé kọfí mìíràn tí a lè yà sí.

Olújùwọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ká kúbùsù. Ó rí jákẹ́ẹ̀tì. Ó rí bẹ́líìtì tó ń fì ní ìgúnpá ọmọ.

“Ta ló wọ èyí fún un?”

Rónkẹ́ wò mí. Ó mọ̀. Ó gbójú kúrò lára mi, ó ní, “Èmi ni. Mo rò pé òtútù ń mú un.”

Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí i. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gbóná: ìwọ tó gbọ́ ti dókítà, ìwọ tó ń kọ́ ẹlòmíràn, ṣé oorun ló ń kùn ọ́ ni tàbí kí ló dé. Rónkẹ́ sorí kọ́. Kí ojú má bàa ti ìyá rẹ̀ níwájú àna ló ṣe gbà á rù. Kí n má purọ́ fún yín, mo kọ́kọ́ fẹ́ dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní àna, ẹ mọ bí ìtìjú náà ṣe ń rí. Mo tiẹ̀ ń wo bàtà mi. Ṣùgbọ́n mo rí omi tó bọ́ lójú ọmọ mi.

Mo ní, “Olújùwọ́n, fi ìyàwó rẹ sílẹ̀. Èmi ni. Nígbà tí ẹ lọ ra kọfí ni. Èmi náà ni mo tú bẹ́líìtì kó gùn.”

Ó kẹ̀yìn sí wa. Ó rìn yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá, ó sì lóṣòó síwájú mi lórí omi dídì. “Màmá, ẹ ò mọ̀ ni.” Ì bá kúkú bú mi.

Ó ní kí n wá wò ó. Ó fa bẹ́líìtì náà mọ́ Victory lára pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì, títí kò fi ṣeé fà mọ́. Mo ní ó le dáadáa báyìí. Ó tú u, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó tún so bẹ́líìtì padà láìdín gígùn rẹ̀ kù, láìfi kún un. Ó ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ki ọwọ́ bọ àárín bẹ́líìtì àti àyà ọmọ, odindi ẹ̀ṣẹ́ mi wọlé, pẹ̀lú aago tó wà lọ́rùn ọwọ́.

Ọmọ mẹ́fà ni mo bí tí mo pọ̀n, n kò ka ti ará ilé àti ti aládùúgbò. Mo pọ̀n ọmọ gun òkè, mo pọ̀n ọmọ sórí ọ̀kadà. Bí mo bá rí ìyàwó kan tó fi ìrọ̀rí sí àárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti àyà ọmọ kó tó so ọ̀já, màá gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú títì ni. Ara ọmọ ni ọ̀já ń dì mú.

“Ìrọ̀rí,” ni mo wí. “Rónkẹ́, ìrọ̀rí ni mo fi pọ̀n ọmọ.”

Ó bú sẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, àwọn òyìnbó tó ń mu kọfí sì ń wò wá. Ó mú ọwọ́ mi, ó ki í sí ẹ̀yìn ọrùn Victory. Ibẹ̀ gbóná, òógùn ti mú kó rin gbindingbindin. Ó ní ọwọ́ ọmọ máa ń purọ́, pé ẹ̀yìn ọrùn ni kí n máa bi léèrè.

Lẹ́yìn náà ló ní kí èmi so ó. Mo ní rárá, kí òun fúnra rẹ̀ ṣe é. Ó ní èmi ni. Mo gbé bẹ́líìtì lé èjìká rẹ̀, mo fà á, mo tún fà á. Olújùwọ́n fi ìka méjì gbìyànjú láti ṣẹ́ ẹ po lórí èjìká, kò rí nǹkan kan mú. Ó mi orí pé ó dára. Rónkẹ́ wá da jákẹ́ẹ̀tì náà kọjú sẹ́yìn, ó ki apá ọmọ bọ̀ ọ́ láti iwájú, lórí bẹ́líìtì, bí ẹni tó wọṣọ sódì. Victory ń kùn, ó ní, “Stretto,” pé ó há. Mo ní kó há, ọkọ mi.

A tún gba ọ̀nà. Kùrukùru ti ń fúyẹ́. Rónkẹ́ fa kóòtù rẹ̀ bo ojú, ó fi orí ti gíláàsì, kí a tó rìn jìnnà ó ti ń hanrun. Kò yíjú wẹ̀yìn wo bẹ́líìtì náà lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ̀ ló so ọmọ, ó sì sùn dé Padova.