Ìka Filira Lórí Ihò Ìkòkò

Lisania kò mọ bí a ti ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Bó bá fẹ́ sọ pé ewúrẹ́ bímọ, orí ìyá-ìyá ewúrẹ́ náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní kóòtù ìlú Ateni nílẹ̀ Gíríìsì láyé àtijọ́, omi ni wọ́n fi ń wọn ọ̀rọ̀ fúnni: wọ́n á da omi sínú ìkòkò tó ní ihò nísàlẹ̀, bó bá ti ṣàn tán, ọ̀rọ̀ ẹni tán nìyẹn. Kalipo aládùúgbò sì ti pè é lẹ́jọ́ pé oko ọ̀pọ̀tọ́ tó wà lẹ́yìn ilé, tòun ni. Inú oko yẹn ni Lisania àti ìyàwó rẹ̀ sin àkọ́bí wọn sí.

Ni Filira, ìyàwó rẹ̀, bá lu ihò sí ìkòkò àtijọ́ kan, ó gbé e sórí àpótí. "Ó yá, baálé mi, ẹ rojọ́."

Lisania rẹ́rìn-ín. "Olè omi tí wọ́n ń pe ìkòkò kóòtù nìyẹn? Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn. Kì í jí omi, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló ń jí."

"Bó bá jí díẹ̀ níbẹ̀, etí mi á sinmi. Ẹ rojọ́ jàre!"

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Bí Lisania bá yà bàrá sórí ọ̀rọ̀ bàbá Kalipo, omi á máa ṣàn. Ṣùgbọ́n bó bá dé ibi tí ẹlẹ́rìí yóò ti sọ̀rọ̀, tàbí bí ikọ́ bá mú un, Filira á fi ìka dí ihò náà láìjẹ́ pé Lisania bẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, kò sì fẹ́ kó sáré sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Lisania rojọ́ dáadáa, kò dárúkọ ewúrẹ́ rárá. Ó pe ẹlẹ́rìí rẹ̀, Demea arúgbó, ẹni tí ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Òfin ní kí omi dúró bí ẹlẹ́rìí bá ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó pè é ló gbọ́dọ̀ ké pé, "Ẹ dí omi!" Lisania dákẹ́ ní tirẹ̀, bó ti ń ṣe nílé. Nígbà tó fi máa bojú wo ìkòkò, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ó yíjú sí àwọn onídàájọ́.

"Ẹ̀yin ará Ateni, mo gbàgbé láti ní kí wọ́n dí omi. Nílé, ìyàwó mi ló ń fi ìka dí i fún mi, n kì í bẹ̀ ẹ́. Èmi àti ẹ̀ la gbin ọ̀pọ̀tọ́ wọ̀nyẹn. Ọmọ wa wà lábẹ́ wọn. Ẹ bi Kalipo bó bá mọ orúkọ ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ni..."

Omi tán. Àwọn onídàájọ́ ń pariwo pé kó sọ ọ́, àmọ́ òfin ni òfin. Lisania jókòó, wọ́n sì lọ dìbò.

Filira ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé, torí obìnrin kì í bá wọn dé kóòtù. "Báwo ni?"

"Oko ṣì jẹ́ tiwa. Àmọ́ ìwọ àti ìka ẹ, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá mi!"

Nígbà tó gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Ó ní, "Ẹ ò wá rí orúkọ ọmọ sọ?"

"Omi ò jẹ́."

Filira bu omi kún ìkòkò, ó fi ìka dí ihò rẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ báyìí."

Lisania sọ orúkọ náà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tòun ti ewúrẹ́ tó bímọ lọ́jọ́ ìkómọ. Filira kò gbé ìka rẹ̀ kúrò títí ilẹ̀ fi ṣú.