Bíró Pupa àti Ìwé Páìpù

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfọṣọ náà ń pè é ní Bíró Pupa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Lójú rẹ̀, "Akọ̀wé Àgbà, sà" ni. Àgbà ta ni? Akọ̀wé kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ náà ní. Òun ló fi ara rẹ̀ joyè, òun náà ló sì ń kí ara rẹ̀ kú oríire.

Orí àtẹ̀gùn ni tábìlì rẹ̀ wà, lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà: ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́jọ, bọ́ílà tó ń se omi, páìpù tó ń gbé ooru rẹ̀ kiri ara ògiri, àti rólà gbígbóná ńlá tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ìbùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Bíró Pupa kì í sọ̀kalẹ̀ débẹ̀. Ó ní òórùn ọṣẹ ń fún òun ní ẹ̀fọ́rí. Bí ará ìsàlẹ̀ bá gòkè wá, á máa wò ó bí ẹni ń wo eṣinṣin inú tíì.

Kí ló fi ń yangàn? Gẹ̀ẹ́sì ni. Kì í kúkú ṣe gbogbo Gẹ̀ẹ́sì o, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń so gbólóhùn pọ̀ ni. Ó ti tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: "when", "while", "before", "after" lápá kan, wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ ìgbà, "because" lápá kejì, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìdí. Ó fi "since" sáàárín, torí pé ó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ibẹ̀ ló sì ti máa ń rí àwọn ẹni ẹlẹ́ni mú. "Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti ohun tó fà á," ló máa ń wí, "ẹranko lásán ni."

Òfin rẹ̀ ni pé ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò bá gún kò gbọdọ̀ wọlé ọ̀gá. Á fi bíró pupa fa ìlà sí i lára, á lu òǹtẹ̀ ọjọ́ náà mọ́ ọn, á sì dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́ pé kó lọ tún un kọ. Ọ̀gá àtijọ́ ló fún un láyè. Ọ̀lẹ ni ọ̀gá ọ̀hún, bí ìwé ṣe ń dínkù lórí tábìlì rẹ̀ ni inú rẹ̀ ń dùn. Ọ̀gá tuntun, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò tíì lo oṣù mẹ́rin, kò sì tíì mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà.

Àárọ̀ ọjọ́ Túsídeè kan ni Bàbá Bọ́ílà gòkè wá. Ọdún méjìlélógún ni bàbá náà ti fi ń tọ́jú bọ́ílà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Páìpù tó wà lókè rólà ń jò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá kí wọ́n pe ẹnjiníà."

"A kì í sọ èdè ilé ní ọ́fíìsì yìí. Ìwé ẹ dà?"

Èdè ilé náà ló fi sọ ọ́ o, ojú ò sì tì í. Bàbá tó lè bí i lọ́mọ ló sì ń pè ní ìwọ.

Bàbá na ìwé sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "The pipe is leaking because Monday." Bíró Pupa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"'Because Monday'! Ṣé Mọ́ńdè ló lu páìpù ni? Ìgbà lo fẹ́ sọ, ìdí lo lọ kọ. 'Since' ló yẹ kó wà níbẹ̀."

"Ó ń jò báyìí, sà. Orí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló ń kán sí."

"Ohun tí mo mọ̀ ni pé o ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ tún un kọ."

Lọ́jọ́ Wẹ́síndeè, bàbá tún dé: "Since Monday the pipe is leaking. Please come before it burst." Ìwé náà yé ọmọdé. Ó yé Bíró Pupa pẹ̀lú, kó má baà jẹ́ pé à ń purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tó yé e kọ́ ló ń wá. Ó fa ìlà sábẹ́ "is leaking", ó fa òmíràn sábẹ́ "burst", ó lu òǹtẹ̀, ó dá a padà.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, òógùn bo bàbá nígbà tó gbé ẹ̀kẹta wá. "The pipe has been leaking since Monday. It will burst while people is working under it." Bíró Pupa kà á, ó tún un kà, ojú rẹ̀ sì korò, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan mú. Ìgbà tó yá, ó rí i. Ó fi bíró pupa yí "is" po, ó kọ "are" sókè rẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé owó ló he.

"Ó kù díẹ̀," ó wí. "Tó bá di ọ̀la, wàá yege."

"Ilé ń jó, aṣọ ẹni tó ń pariwo lẹ ń wò," ni Bàbá Bọ́ílà fèsì, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn ọ̀gá. Bíró Pupa dìde, ó dí ọ̀nà fún un. Ó ní ọ̀gá wà nípàdé. Irọ́ ni. Ọ̀gá nìkan ló jókòó sínú ọ́fíìsì rẹ̀.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Fúráìdeè ni páìpù bẹ́. Obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà ló wà nídìí rólà, tó ń ki aṣọ bọ̀ ọ́. Omi gbígbóná bó o lọ́wọ́ méjèèjì, láti orí ìka títí dé ìgúnpá.

Ẹ̀rù ba Bíró Pupa nígbà tó gbọ́ igbe. Kò pẹ́ tó fi tu ara rẹ̀ nínú. Ìwé tí kò pé, ó ní, kì í ṣe ìwé. A jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ̀wé. Ó jókòó, ó kọ ìròyìn fún ọ̀gá ní Gẹ̀ẹ́sì tó ń dán: "The pipe burst because the boiler attendant failed to report the leak." Kò fa ìlà pupa kankan sábẹ́ "because" náà. Ó tilẹ̀ yọ́ kà á sókè fún ara rẹ̀. Àwọn ìwé mẹ́ta ọ̀hún ńkọ́? Kò bìkítà. Irú wọn, ta ni í tọ́jú ìwé nínú wọn? Wọ́n á ti fi nu epo ara ẹ̀rọ.

Ìròyìn yẹn ni wọ́n fi ní kí Bàbá Bọ́ílà lọ jókòó sílé láìtíì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọ̀gá ní òun ò ní lé e pátápátá títí Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà yóò fi kúrò nílé ìwòsàn, kí gbogbo wọn lè jọ sọ ọ́ lójú ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ akọ̀wé bá jẹ òótọ́, iṣẹ́ ọdún méjìlélógún ti bọ́ nìyẹn. Bí kò bá jẹ òótọ́, akọ̀wé ni yóò lọ.

Ó di ọjọ́ kẹtàlá kí wọ́n tó pàdé ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà jókòó, báńdéèjì funfun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀gá ní kí Bàbá Bọ́ílà sọ tẹnu rẹ̀. Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ̀rá kan, ó tú u, ó to ìwé mẹ́ta sórí tábìlì, tòǹtẹ̀ tòǹtẹ̀.

Ọ̀gá kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. "Ta ló fi bíró pupa kọ nǹkan síbí?"

"Èmi ni, mà. Mò ń ṣàtúnṣe ni."

"Nígbà tẹ́ ẹ ń ṣàtúnṣe, ṣé ohun tí wọ́n ń sọ yé yín?"

"Gírámà rẹ̀, mà…"

"Mi ò bi yín ní gírámà." Ọ̀gá ti ìròyìn tó ń dán yẹn sún mọ́ ọn. "Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ wọn ló bó. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ kọ fún wọn lédè tí wọ́n gbọ́."

Bíró Pupa mú ìwé náà dání. "Páìpù bẹ́ nítorí pé…" Ó wo ìwé mẹ́ta orí tábìlì. Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè. Ó gba ọ̀nà mìíràn. "Nígbà tí páìpù bẹ́… Kí ó tó bẹ́… Lẹ́yìn tí wọ́n ti…" Alákọ̀wé tó ti fi ọ̀rọ̀ ìdí bú ìdajì ilé iṣẹ́, inú ọ̀rọ̀ ìgbà ló wá sá pamọ́ sí.

"Sà," ni Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà wí, ohùn rẹ̀ ò ga rárá, "mi ò bi yín ní ìgbà tó bẹ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó bẹ́. Kí ló fà á?"

Kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀.

"Torí pé mi ò gbé ìwé wọn wọlé ni," ó sọ níkẹyìn.

"Kí ló dé tẹ́ ò gbé e wọlé?"

Ó wo báńdéèjì náà, ó wo ilẹ̀. "Wọ́n kọ 'is' síbi tó yẹ kí wọ́n kọ 'are'."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ bó ṣe dún. Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà ò ṣépè, kò sunkún. Ó kàn wò ó fìrí báyìí, bí ẹni tó ń wá nǹkan tí kò sì rí i, ó wá mójú kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ lórí tábìlì," ni ọ̀gá wí fún akọ̀wé. "Bàbá, ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín."

Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà dìde. Sálúbàtà rẹ̀, èyí tó ní okùn lẹ́yìn, wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó bọ́ ọ sí, kò sì sí bó ṣe lè fi ọwọ́ yẹn dè é. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ẹ bá mi wọ bàtà mi."

Eékún Bàbá Bọ́ílà ti gbó, kò tètè rọ́nà bẹ̀rẹ̀. Bíró Pupa ló sún mọ́ ọn jù. Ó yára tẹríba, ó na ọwọ́ sí okùn bàtà náà. Obìnrin náà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì dúró de Bàbá.